Owó Sólà Wà Nílẹ̀, Ta Ni Yóò Kọ Ìwé ti Ìjẹ̀bú?

Owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iná oòrùn ní Nàìjíríà kì í ṣe kékeré o. Lọ́dún 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 350 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní NEP, Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náà sì mú 200 mílíọ̀nù dọ́là wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báǹkì Àgbáyé tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò tó tẹ̀ lé e, ìyẹn DARES, tí wọ́n fẹ́ fi mú iná dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17.5. Ọwọ́ REA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iná ìgbèríko, ni ètò méjèèjì wà. Àwọn ló máa ń kéde pé kí ẹni tó bá ní àbá iṣẹ́ kọ ọ́ wá.

Ìbéèrè tèmi rè é: nínú gbogbo àbá tí wọ́n ń kọ, èwo ni àwa ará Ìjẹ̀bú jókòó kọ fún ara wa? Tí ẹ bá dé ọ̀pọ̀ ìlú wa, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé “a ti sọ fún honorable, ó ní òun máa bá wa ṣe é.” Lẹ́yìn ọdún méjì, iná ojú títì mẹ́rin á dé, wọ́n á ya fọ́tò sí i. Tí bátìrì rẹ̀ bá kú, ó di òpó tí ẹyẹ ń bà lé.

Mo gbà pé oòrùn wà, mo sì gbà pé owó wà. Òǹkà ni kò sí. Kò sí ẹni tó ka ohun tí ìlú ń fi iná ṣe, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó fẹ́ yáni lówó á fi gbà á gbọ́. Èrò mi ni pé Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn.

Báwo ni owó yìí ṣe ń rìn?

Ọ̀pọ̀ rò pé ìjọba á di owó sínú àpò, á gbé e fún ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ètò NEP, ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún iná sólà àdúgbò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní mini-grid: pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti wáyà tó lè gbé odidi abúlé tàbí ọjà kan.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: iléeṣẹ́ aládàáni á wá ibi tó wù ú, á fi owó tó wá fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, á fa iná wọlé àwọn èèyàn. Tí iná yẹn bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, REA á wá san owó ìrànwọ́ lórí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tó ń lo iná náà. 350 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì: REA fúnra rẹ̀ á yan àwọn ibi kan, àwọn iléeṣẹ́ á sì díje; ẹni tó bá ní owó ìrànwọ́ tó kéré jù lòun máa gbà ló máa ń mókè.

Ẹ tún wo ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn. Iṣẹ́ ló ṣáájú owó ìrànwọ́. Nítorí náà, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yá owó, ohun tí ayánilówó á sì bi í kò ju méjì lọ: ta ló máa ra iná yìí, eélòó ló sì máa rà lóṣooṣù? Ìlú tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ nínú fáìlì ni iléeṣẹ́ á kọ́kọ́ kọjú sí. Èyí tí kò ní, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbòmíì.

“Ṣebí àwa ní òpó NEPA?”

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé ará oko nìyẹn wà fún, pé òpó iná ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tipẹ́tipẹ́. Òpó wà lóòótọ́. Iná ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Mokoloki, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Òpó àti wáyà IBEDC wà níbẹ̀, àmọ́ iná kì í sábà wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n ṣí iná sólà 100 kìlówáàtì níbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ Nayo Tropical Technology ló kọ́ ọ. Àdéhùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni: ará ìlú, Nayo, àti IBEDC fúnra rẹ̀. IBEDC tó ń mú iná wá sí Ìjẹ̀bú-Òde náà nìyẹn o. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n hú òpó àtijọ́ dà nù.

Òfin sì fàyè gbà á. Láti ọdún 2016 ni NERC ti gbé ìlànà jáde fún irú iná bẹ́ẹ̀ tí kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, títí kan èyí tí wọ́n so mọ́ wáyà iléeṣẹ́ apínná. Lọ́dún 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa àti Òfin Iná Mànàmáná tuntun fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti darí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀, Ògùn sì wà lára àwọn tó ti gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn tí à ń kàn ní Àbújá tẹ́lẹ̀, òmíràn ti wà ní Abẹ́òkúta báyìí.

Kí la fẹ́ kà?

Ibí ni sáyẹ́ǹsì ti wọ ọ̀rọ̀. Ẹ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ̀gẹ́ ṣe gáàrì. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ gáàrì Ìjẹ̀bú, àmọ́ epo ló ń yí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣe é, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ.

Ká ní mọ́tò oníná tó ń yí ẹ̀rọ náà jẹ́ ti họ́ọ̀sì páwà márùn-ún. Yóò máa fa nǹkan bíi kìlówáàtì mẹ́rin. Tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, ó lo yúnìtì 16. Nílẹ̀ tiwa, ẹ jẹ́ ká ka oòrùn tó múná sí wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, ká sì yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún ohun tí ooru, eruku àti wáyà máa jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 500 wáàtì mọ́kànlá ló máa gbé e. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù, abí?

Àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta.

Ìkíní, àkókò. Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n rẹ́ ẹ̀gẹ́, iná ń ti orí pánẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú mọ́tò tààrà. Tó bá jẹ́ òru, bátìrì ló gbọ́dọ̀ tọ́jú yúnìtì 16 yẹn, bátìrì sì wà lára ohun tó wọ́n jù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó. Ìlú tó bá ní iṣẹ́ ọ̀sán púpọ̀, bíi gáàrì, ata lílọ̀, télọ̀, wẹ́dà, máa ń sọ owó iná di fúyẹ́ fún gbogbo ilé tó kù.

Ìkejì, mọ́tò. Tí mọ́tò bá fẹ́ ṣí, ó lè fa iná ìlọ́po márùn-ún sí méje ohun tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí. Òun ló fà á tí ínfátà kan ṣe máa ń kú fin-ín ní kété tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ lọta. Tí a kò bá kọ mọ́tò sínú òǹkà, ẹni tó ń kọ́ iná á ra ínfátà tó kéré, ìlú á sì pariwo pé sólà ò dáa.

Ìkẹta, òjò. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ìkùukùu kì í jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin yẹn pé. Ìdí rèé tí jẹnẹrétọ̀ fi wà ní Mokoloki.

Nítorí náà, òǹkà tí mò ń sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀rọ wo ló wà, agbára rẹ̀ jẹ́ mélòó, aago mélòó sí mélòó ni wọ́n ń lò ó, eélòó ni oní-ǹkan ń ná lórí epo lọ́sẹ̀, ṣé ó ṣetán láti fọwọ́ sí i pé òun máa ra iná?

Kí ló dé tí mo fi pe Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́?

Torí pé a ti ní wọn. Àwọn ìlú míì máa ná owó kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwa, tí Iléyá bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, a mọ bí wọ́n ṣe ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Ojúde Ọba: Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti àwọn yòókù, aṣọ kan náà, fìlà kan náà. Ẹgbẹ́ tó lè gba owó aṣọ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, kí aṣọ sì pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo gbà pé ó lè ka ẹ̀rọ inú ọjà Òkè-Ajé. Ó lè ka ti abúlé tí ìyá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wá pẹ̀lú.

Mi ò ní kí wọ́n má ran aṣọ o. Ojúde Ọba dùn-ún wò, ó sì ń mú owó wọ̀lú. Mi ò sì ní kí ẹgbẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra sólà fún odidi ìlú. Owó tí òǹkà máa gbà kò tó nǹkan: owó ọkọ̀, dátà, oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnjiníà ò sì wọ́n wa láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹlòmíì á ní, “Ṣé àwa la máa ṣe iṣẹ́ ìjọba fún un ni?” Ó tọ́ kéèyàn bínú. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Tí àwa ò bá kà á, iléeṣẹ́ tó fẹ́ jèrè ló máa kà á, á sì kà á bó ṣe máa wúlò fún un.

Ọ̀rọ̀ owó iná sì wà níbẹ̀. Yúnìtì sólà àdúgbò sábà máa ń wọ́n ju ti NEPA lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ti NEPA náà kò tún dọ́fẹ̀ẹ́ mọ́: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì kan lọ sí 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Ohun tó yẹ ká fi sólà wé ni owó epo tí à ń dà sínú jẹnẹrétọ̀. Òǹkà yẹn náà ló máa sọ fún wa bóyá ó san wá tàbí kò san wá. Tí kò bá san wá, ká sọ fún wọn pé rárá.

Nínú ìlànà NERC ti ọdún 2016, tí iléeṣẹ́ bá fẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn lórí iye tí yóò máa ta iná, àwọn oníbàárà tó máa lo ìdá 60 nínú 100 iná náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yẹn ni agbára ìlú. Ẹni tó bá mọ iye iná tó ń lò ló lè jókòó síwájú iléeṣẹ́, kó béèrè pé: wákàtí mélòó lẹ máa fún wa? Ta ló máa pààrọ̀ bátìrì tó bá kú? Tẹ́ ẹ bá kó ẹrù yín lọ ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ á kàn fọwọ́ síwèé ni, á ya fọ́tò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ẹ má dúró dìgbà tí àwọn àgbà bá pe ìpàdé. Ẹ mú ọjà kan tàbí abúlé kan. Ẹ ka ẹ̀rọ ogún àkọ́kọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wo agbára tí wọ́n kọ sára mọ́tò tàbí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú téèbù kan lórí Google Sheets. Ẹ wá gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ bàbá tàbí ìyá yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ogún ti pé, ó ku ìyókù.