Oògùn Ọkùnrin Kì í Ṣe Ti Gbogbo Ọkùnrin

Oògùn àyà ni àwọn onímọ̀ Pfizer ń wá nígbà tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò sildenafil nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di pé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1998, lábẹ́ orúkọ Viagra, fún ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò dìde dáadáa mọ́. Ìtàn yìí ṣe kókó. Ṣe ni oògùn náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Kì í fi ìfẹ́ sí ẹni lára, bẹ́ẹ̀ ni kì í wo ohun tó ba iṣan náà jẹ́ sàn.

Nítorí náà, ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló yẹ kí wọ́n fi máa pinnu ẹni tí yóò lò ó. Bàbá ẹni 70 ọdún tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà níkàáwọ́, tó sì ń gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ, lè jàǹfààní rẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà. Mílígíráàmù 25 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn. Ẹni 45 ọdún tó ń fi nitroglycerin sábẹ́ ahọ́n nítorí àyà dídùn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láé. Oògùn méjèèjì ló ń mú iṣan dẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé lára kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè gbẹ̀mí. Tadalafil, tó jẹ́ irú oògùn kan náà, tún ń pẹ́ lára ju sildenafil lọ: bí àyà bá mú ẹni tó lò ó, ó kéré tán, wákàtí 48 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó fún un ní irú oògùn àyà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní láti fi í sílẹ̀ ná. Kí ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà ṣọ́ra gidigidi, torí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ lè le láìrọ̀. Bó bá ti kọjá wákàtí 4, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀dọ́kùnrin tí ohunkóhun kò ṣe, tó ń gbé e mì kí wọ́n lè máa pè é ní akọni, kò rí èrè kan níbẹ̀ ju orí fífọ́ àti ìbẹ̀rù pé òun ò ní lè ṣe é mọ́ láìlò ó.

Èyí tó dunni jù ni bí ìtìjú ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Bí ara bá kọ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni àwọn ọkùnrin máa ń dá lẹ́bi, paraga ni wọ́n sì máa ń sá lọ bá. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti rí sildenafil nínú ọ̀pọ̀ oyin àti àgúnmu tí wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni. Ẹni tó ń lò ó kò mọ ohun tó ń mu, ká má tíì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan ti ń dí. Ọkùnrin tí abẹ́ rẹ̀ dákẹ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tí àrùn ọkàn ń bọ̀ wá kọlù ní ọdún díẹ̀ sí i. Ẹni tó yọ́ ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó rẹ̀ nínú mọ́tò ti pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu mọ́.

Ọwọ́ àwọn oníkẹ́mísì ni àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí ti lè bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n pe oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí ẹlòmíràn ò ti ní gbọ́, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè pé: “Bàbá, oògùn wo lẹ̀ ń lò lọ́wọ́? Ṣé àyà máa ń dùn yín?” Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n má tà á fún un títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.