Irun Ara Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Ẹni Tó Bá Fẹ́ Fi Ìda Fà á Tu, Kó Má Fi Jó Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni. Àwọn ìyá á fẹ́ kí á sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn bàbá á ní kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa ń ṣe ni ní jàǹbá, torí ẹni tó bá ṣì í gbọ́, kò sẹ́ni tó máa tún un sọ fún un. Irun ara ni mo fẹ́ sọ: irun ẹsẹ̀, irun abíyá, irun abẹ́, àti ìda tí àwọn ọmọ wa ń sè nílé láti fi fà á tu.

Èrò tèmi kò gùn. Irun ara kì í ṣe ìdọ̀tí, nítorí náà kò sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi ipá mú láti yọ ọ́. Ẹni tó bá wù láti yọ ọ́, kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n irun tí kò pa ẹnikẹ́ni rí, kò yẹ kí á torí ẹ̀ jó ara wa tàbí kó àrùn wọlé.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ lóde òní. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tàbí Kérésì, tàbí ìgbéyàwó, àwọn ọ̀dọ́bìnrin á kóra jọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n á gbé ìkòkò kaná, wọ́n á da ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á máa wo fídíò lórí fóònù kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nǹkan náà kì í ṣe tuntun. Àwọn obìnrin Íjíbítì àti ti Lẹ́bánónì ti ń fi ṣúgà sísè fa irun tu tipẹ́tipẹ́. Halawa ni wọ́n ń pè é. Kò sí májèlé nínú rẹ̀. Iná ni ewu ibẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pín wa sí apá méjì. Àwọn àgbà kan ń sọ pé ọmọ tó bá ń yọ irun abẹ́, oníṣekúṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa mọ̀ pé yíyọ irun abíyá àti irun abẹ́ wà nínú ìmọ́tótó tí ẹ̀sìn wọn kọ́ wọn, pé kò yẹ kó ju 40 ọjọ́ lọ. Ṣé ìṣekúṣe nìyẹn? Bí ẹ bá bú ọmọ, kò ní jáwọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò ti máa ṣe é, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ igbe rẹ̀ bí ìkòkò bá dà sí i lẹ́sẹ̀.

Apá kejì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ pé irun ló ń rùn, pé obìnrin tó bá ní irun, ọ̀bùn ni. Irọ́ ni o. Òógùn tó pẹ́ lára àti aṣọ tí a kò pààrọ̀ ló ń rùn. Irun abẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀: kì í jẹ́ kí awọ máa ha awọ, kì í jẹ́ kí aṣọ bó ibẹ̀. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ lójoojúmọ́ ti tó láti mú ara mọ́. Ọkọ tó bá ń pe ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀bùn torí irun, kó kọ́kọ́ gbé apá tirẹ̀ sókè wò.

Fún irun abẹ́, lójú tèmi, àlùmọ́gàjí ti tó. Ẹ mú kékeré tí orí rẹ̀ kò mú ṣónṣó, ẹ gé e kù. Kò jó, kò bó, kò ná yín lówó. Ìda, ẹsẹ̀ àti apá ni kí ẹ fi mọ sí, àti abíyá fún ẹni tó bá ti mọwọ́ rẹ̀. Awọ abẹ́ rọ̀, ó fẹ́lẹ́, ojú ẹni kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó ṣe é bó ti yẹ. Ṣúgà ife méjì, omi ìdámẹ́rin ife, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdámẹ́rin ife. Ẹ gbé e ka iná tí kò le, ẹ máa rò ó títí tí yóò fi pọ́n bí oyin. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Tó bá dì, tó ṣe é yí róbótó láàárín ìka, ó ti jinná. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibí yìí ni sùúrù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Omi tó ń hó, ooru rẹ̀ kì í ju 100 lọ. Ṣúgà tó jinná báyìí ń sún mọ́ 120. Omi gbígbóná tó bá ta sí yín lára á ṣàn lọ; ṣúgà á lẹ̀ mọ́ awọ, á sì máa jó o lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé kò fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí, tí a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rá. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹ wá kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín. Tó bá ta yín, kò tíì yá. Ó yẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí a lè fún ọmọ mu.

Irun kò gbọ́dọ̀ gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ. Tó bá gùn jù, ẹ gé e kù. Ẹ wẹ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àtíkè díẹ̀ sí i. Ẹ tẹ́ ìda náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbi tí irun dorí kọ. Ẹ tẹ aṣọ òwú mímọ́ lé e. Ẹ fi ọwọ́ kan na awọ kó le, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fà á lẹ́ẹ̀kan náà sí òdìkejì ibi tí irun dorí kọ. Kí ọwọ́ yín sún mọ́ awọ. Ẹ má fà á sókè bí ẹni ń fa koríko. Ibi tí ẹ bá ti fà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá kù lára, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á fọ̀ ọ́ kúrò torí ṣúgà ni. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó bọ́ sínú oòrùn o. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá wà lára nínú oòrùn lè jó awọ, kí ojú ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì yọ́ àbẹ́là dípò ṣúgà: omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò lára.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣe é rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bóra ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìpara ìbóra tó ní cortisone nínú máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá lẹ ìda mọ́ irú awọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá fà á, awọ lè bá irun lọ. Ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dán an wò. Ibi tó bá ní egbò, tó ń yún yín, tàbí tí iṣan wú sí, ẹ má fọwọ́ ìda kàn án.

Ohun míì tó ń dùn mí ni ìkòkò kan fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí a bá fi ṣíbí kan bu ìda, tí a tẹ́ ẹ sára ẹnì kan, tí a tún ti ṣíbí náà bọnú ìkòkò, ohun tó wà lára onítọ̀hún ti wọ ìda gbogbo yín. Ìda tó lọ́wọ́ọ́wọ́ kò gbóná tó láti pa kòkòrò. Fífa irun tu lè mú ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín jáde, kí ojú má sì rí i. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní hépatite B lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Abẹ ìfárí tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tún burú ju ìda lọ: ó lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ yìí, ó lè gbé sídà. Kí oníkálukú ní ìda tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀, abẹ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ẹ̀yin onídìrí tí ẹ ń ṣe é fún oníbàárà, ẹ lo igi pẹlẹbẹ: tí ẹ bá ti fi bu ìda lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ mú òmíràn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù lé ibẹ̀, ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀. Irun tiwa tó ká máa ń padà wọ inú awọ nígbà tó bá ń hù, á wá di kókó kéékèèké. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10, á rọ̀. Tó bá wú, tó ń ṣọyún, tàbí tí ara bá ń gbóná, ilé ìwòsàn yá.

Ẹ̀yin aboyún, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń sìn wọ́n lọ sílé ìgbẹ̀bí, ẹ fetí sílẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ti sọ ọ́ ní ọdún 2015 pé kò yẹ kí á sọ fífá irun abẹ́ di àṣà kí aboyún tó bímọ. Ojú ibi tí abẹ bá ti ha awọ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Obìnrin tó ń rọbí kò gbọ́dọ̀ dúró wá abẹ kó tó gbéra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtìjú dá a dúró sílé.

Bí ìda bá jó yín ńkọ́? Ẹ má já a pẹ̀lú awọ. Omi tútù tó ń ṣàn ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ máa bù ú dà sí i láti inú korobá. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi òrí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Tó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ onítọ̀hún lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, abẹ́ tàbí oríkèé, tàbí tó jẹ́ ọmọdé ló jó, ẹ má sùn sílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà. Ìgò ìda tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí kò ní ọjọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò wọ́n lọ́jà wa. Ẹ̀yin ìyá ọjà tí ẹ ń tà á, mi ò ní kí ẹ má tà. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é, ẹ sọ fún oníbàárà pé kó kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré lápá, kó dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá jó lónìí ló máa padà wá rà lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pariwo pé obìnrin tó mọ́ kì í nírun, ìtìjú ló ń tà fún yín. Ẹ má san owó ìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe é, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a wo ìkòkò. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ìyá òun kò ní bú òun á béèrè kó tó jó.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò lórí èyí kí ọ̀sẹ̀ tó parí: ta ló ń ṣe ìda ní abúlé yín, ṣé ìkòkò kan ni gbogbo wọn ń lò, àti kí la fẹ́ sọ fún wọn? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí wa.