Owó La Yá, A Kò Fi Ahọ́n Dógò

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìjọba Ṣáínà ní àwọn apániláyà wà láàárín àwọn Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí tó ń gbé Xinjiang. N kò ní jiyàn pé kò sí ìkà: ní oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn kan fi ọ̀bẹ pa ènìyàn 31 ní ibùdókọ̀ ojú irin Kunming. Ṣùgbọ́n láti 2017, àwọn tí ìjọba náà kó sí àgọ́ àtìmọ́lé ni àwọn onímọ̀ fojú bù sí mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn dá irùngbọ̀n sí, àwọn mìíràn béèrè ìwé ìrìnnà. Ìka wo ló ṣẹ̀ níbẹ̀?

Ilham Tohti, ọmọ Uyghur kan, ń kọ́ni ní yunifásítì ní Beijing tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí Uyghur àti Han jókòó sọ̀rọ̀. Ní 2013, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 18, jọ dé pápákọ̀ òfúrufú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lọ. Ọlọ́pàá dá bàbá dúró. Ọmọ nìkan ló wọkọ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n sọ bàbá sẹ́wọ̀n gbére.

Kí ni àwọn ìjọba ṣe? Amẹ́ríkà fi òfin dí ọjà Xinjiang lọ́nà. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì pe ohun tí Ṣáínà ń ṣe fún àwọn Uyghur ní ìpẹ̀yàrun, ìjọba wọn kò gbè é lẹ́yìn. Ní Geneva, lóṣù kẹwàá ọdún 2022, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fìyà jẹ Ṣáínà. Wọ́n ní kí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ṣáà jíròrò ìwádìí tí ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ lórí Xinjiang. Orílẹ̀-èdè 17 gbà, 19 kọ̀, 11 yẹra fún ìbò. Kúbà kọ̀. Benin àti Bràsíl yẹra. Sòmálíà nìkan ló gbà nínú àwọn ará Áfíríkà tó wà níbẹ̀.

Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Ní 2019, Nàìjíríà àti Tógò buwọ́ lu lẹ́tà tó ń yin Ṣáínà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn kan á ní gbèsè ń bẹ lọ́rùn wa. Ó ń bẹ: owó tí a yá lọ́dọ̀ Ṣáínà wà nínú ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, mo sì mọ bó ti wúlò tó. Àmọ́ ìwọ̀fà pàápàá, iṣẹ́ ló ń sin olówó, kò di ẹrú. Owó la yá, owó la ó fi san án. Ta ló fi ahọ́n wa dógò?

Sòmálíà náà buwọ́ lu lẹ́tà 2019 yẹn, ó sì yíwà padà lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Kí Àbújá yọ orúkọ wa kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bi aṣòfin yín léèrè ẹni tó rán àwọn tó buwọ́ lu lẹ́tà náà níṣẹ́.