Ẹ Má Tíì Ta Àwọn Dúrọ́ọ̀mù Yẹn

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo gbọ́ pé kí sáà yìí tó parí, àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá kó àwọn dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń fa jẹnẹrétọ̀ nígbà kan. Tèmi ni pé ká má tíì tà wọ́n. Ká fi wọ́n ṣe àdìrò tí a ó máa fi yan ẹja, èyí tó ṣeé tì kiri.

Ìdí mi ò le rárá. A ní adágún ẹja àrọ̀. Ọjọ́ tí a bá kó ẹja, ọjọ́ náà la gbọ́dọ̀ tà á, torí a ò níbi tí a lè yan án sí. Àwọn oníbàárà náà mọ̀. Wọ́n á fara balẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, wọ́n á wá dá iye tó bá wù wọ́n lé e. Ẹja yíyan ló lè dúró de owó gidi, ẹja tútù ò lè dúró.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Dúrọ́ọ̀mù kan ń gba nǹkan bíi 200 lítà. A ó dá a dùbúlẹ̀, a ó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣe ìlẹ̀kùn, a ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ fún ẹja. Iná ò ní wà lábẹ́ ẹja o. Inú àpótí irin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa wà. Afẹ́fẹ́ á gba ihò ìsàlẹ̀ àpótí wọlé, ooru àti èéfín á kọjá lára ẹja, á sì gba páìpù òdìkejì jáde. Ọ̀rá ẹja ò ní máa kán sínú iná, nítorí náà ẹja ò ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí tírélà la máa gbé gbogbo ẹ̀ lé, ká lè tì í kúrò bí atẹ́gùn bá ń gbé èéfín wọ kíláàsì.

Àwọn kan máa ní, "Ṣé ìyẹn ló máa jẹ́ ká yege WAEC?" Ẹ gbọ́ ná. Ooru tó ń gòkè, físíìsì ni. Irin tó dógùn-ún, kẹ́mísírì ni. Títọ́jú ẹja, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ojú pátákó la ti ń rí gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Ewu ńkọ́? Ó wà lóòótọ́. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé bẹntiróò rí lè bú gbàmù bí iná wẹ́dà bá kàn án, bó tiẹ̀ dà bíi pé ó ti gbẹ. Èyí tí a ò bá mọ ohun tó gbé, kó bá onírin lọ. Èyí tó gbé òróró ìsebẹ̀ ni ká mú, ká fọ̀ ọ́ dáadáa, ká sì jó ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò kí ẹja kankan tó wọbẹ̀. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ò gbọ́dọ̀ sí nínú ẹ̀, torí bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà séèyàn lára. Wẹ́dà gidi ni kó gé e, kó sì jó o. Tiwa ni ká wọn ọ́n, ká yà á, ká ha ibi tó dógùn-ún, ká sì kọ ìnáwó sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Owó tí onírin máa san, kò ní pẹ́ tán. Àdìrò á wà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, sáà kan péré la ń tọrọ. Ẹni tí èrò tiẹ̀ bá yàtọ̀, ààyè ṣì wà lára pátákó yìí, kó kọ ọ́ wá.