Kọ̀ǹpútà Kékeré fún Eré: Ǹjẹ́ Ó Tó Owó Tí À Ń Ná Lé E?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ wá bá mi lẹ́yìn ìrun alásàárì. Ó ní, "Àáfà, ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kí n ra kọ̀ǹpútà fún òun, tí òun yóò máa fi kẹ́kọ̀ọ́, tí òun yóò sì máa fi ṣeré. Kékeré báyìí, bí páálí bàtà, ni ó ní òun fẹ́. Kí ni ẹ rí sí i?" Owó àjọ oṣù mẹ́wàá ni owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì fẹ́ fi kún ọjà kí ọdún tó dé. Èmi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ìyá, bí ó bá ti jẹ́ kékeré, owó rẹ̀ yóò kéré, iná tí yóò máa jẹ náà yóò kéré. Ẹ rà á fún un." Ọmọ náà yọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo sọ fún ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àáfà, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bí ó ti ṣàlàyé fún mi, kí n sì fi èyí tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà kún un.

Àpótí kọ̀ǹpútà ńlá tí a ń rí lábẹ́ tábìlì sábà máa ń gbà tó lítà 40 sí 50. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25. Bí ẹ bá gbé méjì ti ara wọn, bí ó ti tóbi tó nìyẹn. Èyí tí kò tó lítà 20 ni àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń pè ní kékeré, òmíràn kò sì ju lítà 10 lọ. Mọ́dábọ́ọ̀dù, èyíinì ni pátákó tí a to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí, ti ńlá jẹ́ mìlímítà 305 ní gígùn àti 244 ní ìbú. Ti kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini-ITX, tí ilé-iṣẹ́ VIA gbé jáde ní ọdún 2001, kò ju mìlímítà 170 lọ ní gígùn àti ní ìbú. Nítorí pé ààyè kò sí, ihò méjì ni ó sábà máa ń ní fún mẹ́mórì, níbi tí ńlá sábà máa ń ní mẹ́rin. Ihò kan ṣoṣo ni ó sì ní fún káàdì tí ń gbé àwòrán eré jáde.

Nípa ti owó ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Ohun tí ń pín iná fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a dìídì ṣe ní kékeré, ohun tí ń mú un tutù gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, káàdì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn ju àpótí lọ. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti ńlá lọ. Aago ọwọ́ kéré ju aago ara ògiri lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí èyí sọ pé owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré?

Ọ̀ràn ooru ni ó tilẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Kì í ṣe àpótí ni ó ń jẹ iná, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Káàdì RTX 4060 tí ó jáde ní ọdún 2023 ń jẹ wáàtì 115, èyí kò tó gílóòbù oníwáàtì 60 méjì. RTX 5090 ti ọdún 2025 lè jẹ tó wáàtì 575, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ fi í sínú àpótí ńlá, bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ; ẹ fi í sínú kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin ìyá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á dáná ní àgbàlá àti kí á dáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Fáànù kékeré ní láti sáré gan-an kí ó tó lè lé ooru náà jáde, ariwo rẹ̀ a sì pọ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà yóò dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná, eré a sì máa fà. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ wa kún un: inú ibi tí ọwọ́ kò ti ráyè wọ̀ dáadáa ni a ó ti máa gbá a.

Irú kan tún wà tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mac mini ti ọdún 2024 kò ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ ní ìbú, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 5. Irú èyí kì í jẹ iná púpọ̀ lóòótọ́, ó dára fún ẹ̀kọ́ àti fún eré tí kò le bíi Minecraft. Ṣùgbọ́n kò ní ihò tí a lè ki káàdì eré bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ohun tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ni ẹ ó máa lò lọ.

Ṣé kékeré kò wúlò nígbà náà? Ó wúlò fún ẹni tí ó nílò kíkéré rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ sí àpèjọ DreamHack ní ilẹ̀ Sweden máa ń gbé kọ̀ǹpútà wọn dání lọ ṣeré pọ̀. Irú wọn ni ó yẹ. Ó yẹ ọmọ wa tí ó ń gbé inú yàrá kan ní London, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ti ilé dé ọgbà ilé-ìwé ní gbogbo ìgbà. Ó sì yẹ òbí tí ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà eré wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ojú gbogbo ilé yóò ti máa rí ohun tí ọmọ ń ṣe àti wákàtí tí ó ń lò nídìí rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n bí yóò bá jókòó sójú kan náà láti ọdún dé ọdún, ẹwà nìkan ni ẹ ń fi owó rà.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú owó nídìí aṣọ, ẹ bi ọmọ léèrè: Ṣé ìwọ yóò máa gbé e kiri? Eré wo gan-an ni o fẹ́ ṣe? Wáàtì mélòó ni káàdì rẹ̀ ń jẹ, ṣé ó sì wọ inú àpótí náà? Ṣé jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ilé wa lè gbé e?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá ìyá náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, mo ti ṣì yín lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó." Ó dúpẹ́, ó pe ọmọ. A bi í ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ó jẹ́wọ́ pé orí tábìlì kan náà ni yóò wà, pé ti ọ̀rẹ́ òun ni òun rí tí ó wu òun. Àpótí ńlá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà, pẹ̀lú káàdì oníwáàtì 115, ìyókù owó sì padà sínú ọjà. Ọmọ náà fajú ro fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geerege, ojú rẹ̀ là.

Ìyá náà ní, "Àáfà, ẹ ṣeun. Ó kúkú dára tí ẹ kò tíì fi ti àkọ́kọ́ yẹn ṣe wáàsí." A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mú ẹ̀kọ́ lọ sílé: àmánà ni ìmọ̀ràn, pàápàá lórí owó opó tàbí ti oníṣòwò kékeré. Ohun tí ojú rí pé ó kéré, ẹ jẹ́ kí á wo inú rẹ̀ kí á tó díye lé e.