Kọ̀ǹpútà ti wọ ilé ẹjọ́, ìyá wa ṣì ń wọ taksí lọ gbọ́ renvoi

 

Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí àwọn ìyá wa tí kò wọ ilé ìwé rí gbọ́ yékéyéké. Renvoi ni. Ẹ bi ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà nípa ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀, yóò ní: "Wọ́n tún ṣe renvoi." Kò lè fi Faransé bèèrè omi mu, ṣùgbọ́n ó mọ renvoi, nítorí owó rẹ̀ ló fi kọ́ ọ.

Àwa olùkọ́ la máa ń ka ìwé ìpè fún àdúgbò. Bí huissier bá já ìwé sílẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ wọ́n á gbé e wá bá wa, wọ́n á ní ká sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ lé ìyá ọ̀kan nínú wa lọ sí ilé ẹjọ́ kan tí a ò ní dárúkọ. A jí ní aago mẹ́rin ìdájí, zémìjàn gbé wa dé gáréèjì, taksí gbé wa dé ibi tí à ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ wà ní ìpàdé níbòmíràn. Renvoi. Lẹ́ẹ̀kejì, dosíyé kò sí lórí tábìlì. Renvoi. Lẹ́ẹ̀kẹta, agbẹjọ́rò apá kejì bẹ̀bẹ̀ fún àkókò, wọ́n fún un. Lọ́jọ́ kẹta yìí, a rí kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta ní ọ́fíìsì àwọn greffier, ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Ìyá wò ó, ó wò wá, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé nǹkan yẹn ò lè sọ fún mi pé kí n jókòó sílé ni?"

Ìbéèrè yẹn la gbé wá síbí. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń yin ìgbà ọ̀tun ilé ẹjọ́, a kò tíì gbọ́ ẹni tó dá ìyá yìí lóhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò fẹ́ ẹ̀rọ o. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń sọ pé ìwé ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, atẹ́gùn ni. A ní kí wọ́n rántí Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà níbẹ̀, dosíyé àwọn ènìyàn sì jó mọ́ ọn. Bí iná kò bá wá, ikán ń bọ̀, òjò ń bọ̀, ẹni tí wọ́n fún ní owó kí ìwé lè sọnù náà ń bọ̀. Àwa tí a ní ilẹ̀ tí bàbá-ńlá wa fi sílẹ̀, tí ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ìwé ẹlẹ́yọ kan lọ, àwa la nílò ẹ̀rọ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Òfin náà kò sì ṣe aláìní. Ìwé òfin ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, code du numérique, ti wà láti ọdún 2018. Ó gba ohun tí a kọ sórí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣe òfin mìíràn tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìsọdọ̀tun ètò ìdájọ́. Ẹni tó bá fẹ́ casier judiciaire lónìí lè béèrè fún un lórí fóònù. Ó dára. Ọmọ tó ń wá iṣẹ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá casier kò ní ẹjọ́. Ẹni tó ní ẹjọ́ ńkọ́?

Ohun tí à ń sọ kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà lásán. Ètò ni, tí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbé e wá. Ẹjọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó gba dosíyé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó gbà á wà níbẹ̀, kò ní lè sọ pé òun ò rí i. Olórí ilé ẹjọ́ ń rí ẹjọ́ tó ti pẹ́ jù, ó ń rí iye ìgbà tí wọ́n ti sún un àti ìdí tí wọ́n fi sún un. Bí adájọ́ bá mọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé òun ò ní sí nílé lọ́jọ́bọ̀, ìkìlọ̀ lè dé orí fóònù gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú. Ìdáhùn ìyá wa nìyẹn: bẹ́ẹ̀ ni, ó lè sọ fún yín. Wọn kò ní kó sọ ni.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ojú ẹ̀rọ sí inú ọ́fíìsì, wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Greffier ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ bí àtẹ̀yìnwá, ó tún ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tó bá ráyè. Iṣẹ́ méjì, owó oṣù kan. Nígbà tí iná bá lọ, ìwé ńlá ló kù. Nígbà tí iná bá dé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti kóra jọ. A kò dá greffier lẹ́bi. Àwa náà mọ bó ṣe rí láti kọ máàkì sínú ìwé, ká tún kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ, ká tún kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn fún ọ̀gá tí kò gba èyí tó wà lórí ẹ̀rọ gbọ́.

Ibi tó dùn wá jù rèé. Ènìyàn lè jàre lẹ́nu adájọ́ kó má jàre lórí ilẹ̀. Adájọ́ á ka ìpinnu rẹ̀, ẹbí á yọ̀, wọ́n á se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn adájọ́ ni huissier ń gbé lọ sí oko. Ìwé ìdájọ́ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí, tí àṣẹ ìjọba wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní grosse, òun ló ń gbé lọ. Títí wọn ó fi tẹ ìwé yẹn, ẹni tó jàre jókòó, ẹni tó jẹ̀bi ń gbin àgbàdo rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ kan bá wà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èyí tó ń fi hàn pé adájọ́ báyìí ti ka ìdájọ́ báyìí láti ìgbà báyìí, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́, ni. Kí olórí rẹ̀ rí i, kí àwa náà rí i. A fura pé ìdí tí wọn kò fi sáré sí apá yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí orúkọ, nítorí èyí yé àwa tí à ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì ju àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lọ. Ìdòwú kan náà, Idohou ni lórí ìwé ìbí, Idowou lórí ìwé ilẹ̀, Idowu lórí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìmẹ̀kọ kọ ránṣẹ́. Ṣàbí di Chabi, Chabi tún di Sabi. Kò sí ọdún tí CEP súnmọ́ tí a kì í bá òbí jókòó lórí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò bá ara mu. Akọ̀wé tó ń fi ojú wò ó mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ẹ̀rọ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ Idowou, ó ní kò sí ẹjọ́ kankan. Ẹjọ́ náà sì wà níbẹ̀ lábẹ́ Idohou, ó ń jẹ owó taksí. Oògùn rẹ̀ kò le: ANIP ti fún wa ní nọ́ńbà, NPI, kí wọ́n so dosíyé mọ́ ọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí ètò náà mọ ọ̀nà tí a gbà ń kọ orúkọ Nàgó. Wọ́n lè bi wá. Ọ̀fẹ́ la ó sọ fún wọn.

Èdè wá ńkọ́? Faransé ni èdè ìjọba, òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1990 sọ bẹ́ẹ̀, a kò bá a jà. Faransé la fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n òfin kan náà, ní ìpín kọkànlá rẹ̀, fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn ní ọ̀rọ̀ ẹnu àti ní ìkọ̀wé. Ìpín keje rẹ̀ sì sọ ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn di ara òfin wa, ìwé yẹn sì ní kí wọ́n dá ẹjọ́ ènìyàn láàárín àkókò tó bójú mu. Nígbà tí wọ́n bá wá fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ní Faransé ilé ẹjọ́, tí àwa tí a kàwé pàápàá ní láti kà lẹ́ẹ̀mejì, ta ni wọ́n kìlọ̀ fún? Ìyá á gbé fóònù lọ bá ọmọ tó wà ní sáíbà. Ọmọ yẹn á gba owó, á ṣí àkáǹtì fún un, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé á sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí apá kejì bá mọ ọmọ yẹn ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà greffe ni à ń tò sí. Ní báyìí ẹnu ọ̀nà sáíbà ni, a sì ń sanwó.

Wọ́n á ní owó púpọ̀ ni títúmọ̀ sí gbogbo èdè yóò ná wọn. Àbí? Rédíò ìjọba ń sọ ìròyìn ní èdè wa láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Àwọn tó ń ta káàdì fóònù ń fi ohùn Nàgó pè wá pé ká wá ra èyí, ká wá ra tọ̀hún. Nígbà ìdìbò pàápàá, kò sí olóṣèlú tí kò gbọ́ Nàgó; ẹni tí kò gbọ́ á yá ẹnu ẹni tó gbọ́. Gbólóhùn mẹ́ta péré là ń béèrè, kí ohùn kan kà á lórí fóònù ní Nàgó, ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Màhì: ẹjọ́ yín, nọ́ńbà báyìí, wọ́n ti sún un sí ọjọ́ báyìí, ẹ má wá lọ́la. Ẹni tí kò ní fóònù, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí olórí abúlé. Kí ìdí tí wọ́n fi sún un wà nínú rẹ̀, kí nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n ti sún un wà nínú rẹ̀.

Àwọn aṣòfin tí a dìbò fún láti agbègbè wa ń gbọ́ o. Nígbà tí wọ́n bá tún mú ọ̀rọ̀ owó ilé ẹjọ́ wá síwájú wọn, kí wọ́n má bèèrè iye kọ̀ǹpútà tí wọ́n rà. Kí wọ́n bèèrè iye ènìyàn tí ètò náà jẹ́ kó jókòó sílé lọ́jọ́ tí ẹjọ́ wọn kò ní wáyé, àti iye ìdájọ́ tí wọ́n kà tí wọn kò tíì tẹ̀.

Ní ti ìyá wa, wọ́n ti fún un ní ọjọ́ mìíràn ní oṣù tó ń bọ̀. A pe ilé ẹjọ́ láti mọ̀ bóyá ọjọ́ náà dúró. Wọ́n ní ká wá wò ó lára ògiri. A ti bá onítaksí sọ̀rọ̀, aago mẹ́rin ìdájí.