Ibi Àdúrà Lókè, Yàrá Òrìṣà Nísàlẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò mọ̀ pé nítòsí wọn, ní Lullingstone ní Kent, ni ọ̀kan wà lára àwọn ibi àdúrà Kristẹni tó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé ńlá àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ìjọba Róòmù ni, lẹ́bàá odò Darent, ó sì ti lé ní 1,800 ọdún. Ní ọ̀rúndún kẹrin, àwọn onílé ya yàrá sọ́tọ̀ fún àdúrà. Wọ́n ya ènìyàn 6 tó na ọwọ́ sókè sára ògiri, àti lẹ́tà 2 tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Kristi ní èdè Gíríìkì. Ìjọ inú ilé ni, irú èyí tí Pọ́ọ̀lù kí nínú ìwé rẹ̀ sí Fílémónì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ yàrá náà. Àwòrán àwọn òrìṣà omi wà lára ògiri ibẹ̀, ère orí ènìyàn 2 tí a fi òkúta mábù gbẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìkòkò. Ó jọ pé wọn kò tí ì dẹ́kun ètùtù nísàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà lókè. Ẹ̀yin òbí mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. A kò ní dárúkọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, iná jó ilé náà. Ògiri ibi àdúrà wó sínú yàrá ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì pamọ́ sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1949 sí 1961 ṣa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún ògiri tí a kùn lọ́dà, àwọn amòye sì fi sùúrù tò wọ́n pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ro yàrá yẹn dànù nítorí pé ti òrìṣà ni, àwọn olùgbàdúrà wọ̀nyẹn ìbá bá a lọ. Ìdí nìyí tí a kò fi bá àwọn ará tó fẹ́ kí á fọ́ gbogbo ohun àtijọ́ ṣọ̀kan.

Àwòrán tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀ yàrá ńlá ṣì wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1750, àwọn tó ń ṣe ọgbà fún àgbọ̀nrín ti gbẹ́ ihò òpó gba inú rẹ̀ kọjá! Òjò àti ìrì dídì a máa tú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ká, wọ́n sì kọ́ ilé bò ó. English Heritage ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ di ọwọ́ wọn mú. Kí wọ́n má ṣe ṣa òkúta kankan. Àwòrán olùgbàdúrà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà, a kì í sì í gba owó ìwọlé níbẹ̀.